Jíìmù tàbí Títì? Oṣù Mẹ́ta tí Mo Fi Múra fún Triathlon ní Surulere

Ilé ìdárayá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní Surulere, kò jìnnà sí Ojúẹlẹ́gba. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣe dáadáa sí mi ju àwọn tó ni ín lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi sanwó níbẹ̀, tí mo sì ń fi òpin ọ̀sẹ̀ jáde sí ìgboro, torí pé mo ń múra fún triathlon oníwọ̀n Òlíńpíìkì, èyí tí ènìyàn yóò ti lúwẹ̀ẹ́ fún kìlómítà 1.5, tí yóò gun kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà 40, tí yóò sì fi ẹsẹ̀ sáré kìlómítà 10 lé e láìsinmi láàárín. Ìwọ̀n yìí ni wọ́n ń lò ní Òlíńpíìkì láti ìgbà tí eré náà ti wọ ibẹ̀ ní Sydney lọ́dún 2000. Àwọn ojúgbà mi ń bi mí bóyá owó jíìmù náà tọ́ sí sísan, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni títì.

Kẹ̀kẹ́ ni n óò fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni jíìmù ti borí. Mẹ́fà ni wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́, ojú kọ̀ọ̀kan sì ń fi iye wáàtì, ìyẹn ìwọ̀n agbára, tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ hàn. Bí kóòṣì mi bá ní kí n di wáàtì 180 mú fún ogún ìṣẹ́jú, mo lè dì í mú láìjẹ́ pé dáńfó yà sí iwájú mi láti já èrò, tàbí pé ihò tí òjò gbẹ́ sójú títì ní kí n tẹ bíréèkì. Nígboro Èkó, ogún ìṣẹ́jú tí kò já láàárín ṣọ̀wọ́n, àfi kí ènìyàn ti wà lórí kẹ̀kẹ́ ní aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Afárá Lekki sí Ìkòyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2013, tó jẹ́ ààyò àwọn tó ń fẹsẹ̀ sáré, kò ju kìlómítà kan àti díẹ̀ lọ. Afárá Third Mainland ló gùn, nítorí ó sún mọ́ kìlómítà 12, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn níbẹ̀ kì í ka oníkẹ̀kẹ́ sí ènìyàn, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó dá nìkan gba orí rẹ̀.

Síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan kò lè kọ́ni bí a ṣe ń dúró lórí kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mo ti wà nínú ilé, mo jáde lọ́jọ́ kan, mo na ọwọ́ sí ìgò omi tó wà nísàlẹ̀ itan mi, ni kẹ̀kẹ́ bá yẹ̀ sápá òsì, díẹ̀ ló kù kí n wọ gọ́tà. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tún wà níbẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, afẹ́fẹ́ ló ń dá oníkẹ̀kẹ́ tó ń sáré dúró jù lọ, ẹni tó bá sì ti bá atẹ́gùn ọ̀sà pàdé lórí afárá yóò mọ̀ pé wáàtì kan náà kì í gbéni dé ibi kan náà.

Ẹ̀rọ ìsáré wọn jẹ́ mẹ́jọ, méjì nínú wọn ti bàjẹ́ kí n tó débẹ̀, bí wọ́n ṣe wà náà nìyẹn títí tí mo fi kúrò. Àwọn sárésáré a máa gbé iwájú ẹ̀rọ náà sókè ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún láti fi dípò afẹ́fẹ́ tí wọn kò là kọjá, èmi náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Iná ló ba tèmi jẹ́. Mo ti dé kìlómítà keje lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí NEPA mú un lọ. Bẹ́líìtì dúró, èmi kò dúró, àyà mi sì lọ gbá irin iwájú. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ dì í mú, a ti fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀,” ni ọmọkùnrin tó ń tọ́ wa sọ́nà wí. Nígbà tí iná fi dé, òógùn ti gbẹ lára mi. Ẹ̀rọ amúlétutù wọn pàápàá ń tanni jẹ, nítorí pé ara nílò nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá nínú ooru kó tó mọ́ ọn lára, ooru ni a ó sì bá pàdé lọ́jọ́ ìdíje. Ní ti eré sísá, inú ọgbà Yunifásítì Èkó ní Akọkà ní ìdájí tẹ́ mi lọ́rùn ju ibẹ̀ lọ.

Adágún ìwẹ̀ wọn kò ju mítà 20 lọ. Ìlọ 75 ni kìlómítà 1.5 níbẹ̀, ìgbà 74 ni ènìyàn yóò sì fi ẹsẹ̀ ti ògiri, tí yóò sinmi lọ́fẹ̀ẹ́. Omi gbalasa kò ní ògiri.

Ohun tí n kò retí ni pé àǹfààní tó tóbi jù níbẹ̀ jẹ́ ti ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré tó wà láàárín kẹ̀kẹ́ àti ẹ̀rọ ìsáré. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, tó sì fẹ́ sáré lójú ẹsẹ̀, yóò rí i pé ẹsẹ̀ òun wúwo bí ẹni pé ẹlòmíràn ló yá òun, ìdánrawò léraléra nìkan ló sì ń tán an. Lóde, ibo ni a ó gbé kẹ̀kẹ́ sí? Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dọ̀ ìyá alákàrà kan ní Yaba. “Ọmọ mi,” ni wọ́n wí, wọn kò tilẹ̀ gbójú kúrò nínú agbada, “mo lè jẹ́ kó dúró síbẹ̀ o, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e, n kò rí ẹnì kankan.” Mo yí kẹ̀kẹ́ mi padà sílé.

Ní oṣù kejì, wọ́n fi owó kún owó tí mo ti san tẹ́lẹ̀, wọ́n ní díísù ti wọ́n. Mo san án, ṣùgbọ́n ó dùn mí, pàápàá nígbà tí mo bá wo ẹ̀rọ méjì tí wọ́n fi aṣọ bò. Owó ojúmọ́ ni mo ń san níbẹ̀ báyìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan: wákàtí kan lórí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ogún ìṣẹ́jú lórí ẹ̀rọ ìsáré tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ mi sì kì í jìnnà sí irin náà.