Fífa ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ yọ lórí WhatsApp: ó dára, àbùkù kan ló ní

Bí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀ nínú gúrúùpù, "bẹ́ẹ̀ ni" lásán a máa da gbogbo ilé rú. Ta lẹ ń dá lóhùn? Ẹ fi ìka fa ọ̀rọ̀ ẹni náà sápá ọ̀tún. Yóò wà nínú àpótí kékeré lókè ìdáhùn yín, tòun torúkọ ẹni tó sọ ọ́. Ẹni tó bá tẹ àpótí yẹn yóò bá ara rẹ̀ níbi tọ́rọ̀ ti ṣẹ̀. Ó wúlò gan-an.

Àmọ́ odindi ọ̀rọ̀ ló ń gbé. Bí ẹ̀gbọ́n bá kọ ogún ìlà, tó sì jẹ́ ìlà kẹtàdínlógún lẹ fẹ́ fèsì sí, ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni àpótí á fi hàn. Telegram ta á yọ níbí: láti 2023 lẹ ti lè yan gbólóhùn kan péré. Lórí WhatsApp, ẹ da gbólóhùn náà kọ, kí ẹ fi àmì > àti àlàfo kan ṣíwájú rẹ̀. Orúkọ kì í bá a wá, ẹ kọ ọ́ fúnra yín. Ẹ má paárọ̀ ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ o.

Bí ọlọ́rọ̀ bá pa tiẹ̀ rẹ́, ó ṣì wà nínú àpótí ìdáhùn yín; ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa tiyín rẹ́ náà. Bó bá jẹ́ àṣìṣe àgbà lẹ fẹ́ tọ́ka sí, "Reply privately" (dídá a lóhùn ní ìkọ̀kọ̀) ni kẹ́ ẹ lò.