PAQ-A: fọ́ọ̀mù tó ń bi ọmọ Ìbàdàn léèrè eré orí yìnyín

Ọ̀fẹ́ ni PAQ-A, fọ́ọ̀mù ìbéèrè tí wọ́n fi ń mọ bí ọ̀dọ́ ṣe ń ṣe eré ìdárayá tó, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí ọmọ láti fi ka ìrìn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí owó tíṣà eré ìdárayá bíi tèmi ká. PAQ-A ò ju ìwé àti báírò lọ. Yunifásítì Saskatchewan ní Kánádà ni wọ́n ti ṣe é, fún àwọn ọmọ ọdún 14 sí 19. Ìbéèrè mẹ́jọ ló ní máàkì, ọ̀rọ̀ ọjọ́ méje tó kọjá sì ni gbogbo rẹ̀: kí lo ṣe nígbà oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí ilé ìwé jáde, ní ìrọ̀lẹ́? Ìkọ̀ọ̀kan gba 1 sí 5, ẹ ó wá wá ìpíndọ́gba.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló dá wàhálà sílẹ̀ ní SS1 mi. Ó to eré tó lé ní ogún sílẹ̀: hockey orí yìnyín, hockey ojú títì, bàtà onítáyà, ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ìdí ìṣirò, torí gbogbo eré yẹn ni wọ́n ń pín máàkì sí. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́, tí kò ṣe òmíràn, yóò gba 5 lórí bọ́ọ̀lù àti 1 lórí gbogbo ìyókù. Ìpíndọ́gba rẹ̀ níbẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju 1 lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ ayò di ọ̀lẹ lórí ìwé! Èyí tó ń pọnmi, tó ń gúnyán, tó ń kiri ẹ̀kọ kó tó wá síléèwé kò tiẹ̀ rí iṣẹ́ rẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n tò.

Mo yọ eré yìnyín kúrò, mo fi ten-ten àti súwe rọ́pò. Ẹ má wá fi máàkì irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ wé ti ọmọ Kánádà o.

Mo fẹ́ràn ìbéèrè ìkẹyìn, tí kò ní máàkì, tó ń béèrè bóyá àìsàn ló dá ọmọ dúró lọ́sẹ̀ náà. Àmọ́ àwọn ọmọkùnrin máa ń bù mọ́ ìdáhùn wọn: bí tíṣà eré ìdárayá bá dúró lé wọn lórí, gbogbo wọn ló ń kọ ọ́ pé àwọn ń sáré. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí tíṣà ìṣirò bá mi pín fọ́ọ̀mù náà fún wọn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ṣe eré amárale fún ìpíndọ́gba wákàtí kan lójúmọ́. Fọ́ọ̀mù yìí ò lè sọ bóyá ọmọ dé bẹ̀, torí kò béèrè ìṣẹ́jú. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ń ṣeré ju ẹnìkejì lọ, ó tó lò. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Ẹ má pín in nígbà ọlidé: àsìkò iléèwé ni wọ́n ṣe é fún.