Olóṣèlú tó sá lọ sẹ́yìn odi: kó padà sílé ni, àbí kó dúró? Kossuth àti Andrássy

Nígbà tí Ọ́síríà, tó ń ṣàkóso Họ́ngárì, àti Rọ́ṣíà fọ́ ìjàgbara Họ́ngárì ní 1849, Lajos Kossuth, tó darí ìjàgbara náà, àti Gyula Andrássy, tó wà lẹ́yìn rẹ̀, sá lọ. Ọ́síríà dájọ́ ikú fún àwọn méjèèjì lẹ́yìn wọn, wọ́n sì kan orúkọ wọn mọ́ igi ìyẹgi ní 1851.

Ohun tó ná wọn: Andrássy gba ìdáríjì, ó sì padà kí 1860 tó dé, àmọ́ ó ní láti tẹrí ba fún Franz Joseph, ọba Ọ́síríà tí ìjọba rẹ̀ dájọ́ ikú fún un. Kossuth kọ̀ jálẹ̀. Tọ́kì fi í sábẹ́ ìṣọ́ ní Kütahya títí di 1851. Lẹ́yìn ìyẹn ó rin Amẹ́ríkà já, ó gbé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kú sí Turin ní Ítálì ní 1894. Òfin Họ́ngárì ti 1879 gba ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú lọ́wọ́ ẹni tó bá lo ọdún 10 lókèèrè láìsọ fún ìjọba pé òun ṣì fẹ́ jẹ́ ọmọ ìlú. Òfin yìí mú Kossuth náà, ẹni tó ti darí orílẹ̀-èdè yẹn rí! Lójú tèmi, kò sí iye tó wọ́n tó ìyẹn.

Agbára: Andrássy di olórí ìjọba Họ́ngárì ní 1867, ó sì ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè fún Ọ́síríà àti Họ́ngárì láti 1871 dé 1879. Lẹ́tà nìkan ni Kossuth ní. Ó kọ̀wé ní 1867 sí Ferenc Deák, olóṣèlú Họ́ngárì tó ṣagbátẹrù àdéhùn pẹ̀lú Ọ́síríà, èyí tó fún Họ́ngárì ní ìjọba tirẹ̀ lábẹ́ Franz Joseph, pé àdéhùn náà ń ta ẹ̀tọ́ Họ́ngárì. Àdéhùn náà wó ní 1918.

Bí ọ̀tá bá ti rẹ̀, bí Ọ́síríà ṣe rí lẹ́yìn tí Prussia, ìjọba kan ní ilẹ̀ Jámánì, ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1866, ìpadàbọ̀ ló sàn. Bó bá jẹ́ òmìnira pátápátá lèèyàn ń jà fún, tí ilẹ̀ kan sì wà tó máa gbà á, kó dúró síbẹ̀.