Ride tó ju kílò 3 lọ: ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án

Orí ìwọ̀n ìyá ẹlẹ́ja yìnyín ní Sábó ni mo kọ́kọ́ gbé ride yìí, aro ńlá tí onílù máa ń fi igi lù léraléra bí orin ṣe ń lọ, lé kí n tó gbé e dé ìdí ìlù. Ìyá wò mí, wọ́n wo idẹ pẹrẹsẹ tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Onílù, èló lo ń ta kílò kan ẹ̀?" Abẹ́rẹ́ ìwọ̀n fò kọjá 3, ó wá ń gbọ̀n níbẹ̀. Ride mi àtijọ́, oníǹṣì 20 bíi tirẹ̀, kò dé 2 àtààbọ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni aro tuntun náà fi ń rùn bí ẹja.

Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe rock nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó ṣófo ní Agric, ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. "Rock kẹ̀? Ní Ìkòròdú?" Ohun tí gbogbo ẹni tó bá gbọ́ máa ń wí nìyẹn, àfi bí ẹni pé ẹgbẹ́ olórin BLO kò ti ṣe é l'Ékòó látọdún 1972, tí Laolu Akins sì ń fi ìlù dárà nídìí ẹ̀. Ìṣòro tèmi ni pé bí gìtá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù, ride mi àtijọ́ á dàwátì. Kì í ṣe pé kò dún o. Ó ń dún jù ni. Bí mo bá lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ìró àkọ́kọ́ kò tíì rọlẹ̀ tí ìkejì á fi dé bá a, gbogbo rẹ̀ á wá di ṣáààà kan ṣoṣo, bí òjò lórí páànù. Gìtá náà ń ṣe ṣáààà. Ta ló máa mọ èyí tó jẹ́ tèmi?

Alábà ni mo ti ra èyí, lọ́wọ́ bàbá kan tó ń ta tòkunbọ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti parẹ́ lára rẹ̀, "Heavy Ride" nìkan ló kù, òun náà ti ṣá. ₦160,000 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, mo ná an títí a fi parí sí ₦110,000. Mo fi èékánná yí etí rẹ̀ po láti wò ó bóyá ó ti sán. Kò sán. Ibi tí n kò wò ni ihò àárín, torí àtàǹpàkò bàbá náà kò kúrò níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tá a fi ń ná ọjà. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé irin ìdúró ti jẹ ihò náà lápá kan, ó ti gùn bí ojú kọ́kọ́rọ́. Kò ba ohùn rẹ̀ jẹ́, àmọ́ ǹ bá ti yọ ₦20,000 kúrò níbẹ̀.

Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Bí ẹnu igi bá kàn án lára, láàárín agogo rẹ̀ (ibi tó yọ sókè láàárín) àti etí, "tíń!" ni, ó ga, ó mọ́ ṣáká. Ìró mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń hùn bí oyin inú ilé, ó sì máa ń pẹ́ kó tó kú, àmọ́ kì í gòkè wá bo tíń yẹn mọ́lẹ̀. Mo lè ka igi mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìyáàlù ṣe ń pe oríkì ketekete, tí ẹni tó wà níta ń dáhùn, ló ṣe rí. Idẹ tó nípọn kì í tètè mì, igi nìkan kò lè jí gbogbo ara rẹ̀. Ìnípọn yẹn kan náà ló ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ẹni tó bá rò pé aro tó wúwo á ní ohùn ìsàlẹ̀ ti ṣì í gbọ́. Èyí tó fẹ̀ ni kó wá. Oníǹṣì 24 ni John Bonham, onílù ẹgbẹ́ rock Led Zeppelin, máa ń lò.

Agogo àárín rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ fi èjìká igi lù ú, kì í ṣe ẹnu rẹ̀: agogo tí alágbẹ̀dẹ rọ ni ẹ máa gbọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lọ síbẹ̀ nígbà tí orin dé ègbè, oníbass wa yíjú wò mí, ó sì gbàgbé ibi tí òun wà nínú orin. Etí aro náà ni kò dáa. Bí ẹ bá fẹ́ fọ́ ọ bíi crash, aro tí a ń gbá lẹ́ẹ̀kan gbàà, ó máa kọ́kọ́ kọ̀, tó bá sì gbà tán, kò ní gbọ́ pé ó tó.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwúwo nìkan tà á fún yín. Aro bàbà àti síǹkì tó máa ń bá ìlù olówó pọ́ọ́kú wá náà lè wúwo, ìdérí ìkòkò lásán ni. Bàbà 80 àti tánganran 20 nínú 100 ni wọ́n fi ń ṣe àwọn aro Zildjian tó gbajúmọ̀ jù, ìdílé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aro ní Istanbul ní 1623. Ilé iṣẹ́ Paiste lo bàbà 92 àti tánganran 8 fún aro wọn tí wọ́n sọ ní "2002", tó jáde ní 1971, àwọn onírock sì gbá tọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kìíní, mo rò pé mo ti sọ owó nù. Nídìí ìlù, ńṣe ló ń gún mi létí, ó le, kò ní àánú. Mo ní kí onígìtá kejì jókòó bá mi lù ú, mo jáde, mo sọdá títì, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ alágbàfọ̀ tó ń kù hìì. Níbẹ̀, gìtá ti di ariwo, ohùn akọrin ti di kíkùn, bass ń ti ilẹ̀ wá. Tíń, tíń, tíń-tíń ṣì ń sọdá títì wá bá mi ní tirẹ̀. Gbogbo líle tó ń gún mi létí ti ṣẹ́kù sójú ọ̀nà. Àtìgbà yẹn, n kò fi etí onílù dájọ́ ride mọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ ọ́. Nínú orin ìjọsìn tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, a fẹ́ kí ride tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún ohùn. Èyí kò mọ ẹní tẹ́, ìṣó ló mọ̀ ọ́n kàn. Màmá tó ń darí akọrin pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Bọ̀dá, mo mọ̀ pé Dáfídì sọ̀rọ̀ aro olóhùn gooro. Kò ní kẹ́ ẹ fi gún wa." Ride àtijọ́ ló ń lọ ní Sunday báyìí.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò pọ̀. Mo gé rọ́bà epo jẹnẹrétọ̀ wọ irin ìdúró kó má baà jẹ ihò náà sí i. Sílípáàsì ni mo gé sábẹ́ rẹ̀ dípò fẹ́ẹ̀tì, aṣọ rírọ̀ tí wọ́n máa ń fi tẹ́ abẹ́ aro, bíi ti gbogbo wa, àmọ́ mo fún nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ jù, ohùn rẹ̀ kú pátápátá. Ẹ jẹ́ kó máa jó díẹ̀. Ìdúró olówó pọ́ọ́kú á ṣubú lábẹ́ ẹ̀, búlọ́ọ̀kù ni mo gbé lé ẹsẹ̀ tèmi.

Ẹni tó bá ń ṣe jùjú tàbí highlife kò nílò rẹ̀. Bí gìtá yín bá ń bú bíi tiwa, ẹ lọ wá tiyín, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó kọ́kọ́ mú àtàǹpàkò kúrò.