Àpò Kíbọọ̀dù fún iPad: Magic Keyboard tàbí Èyí Tó Ń Lo Bluetooth?

Magic Keyboard tí Apple gbé jáde fún iPad Pro ní ọdún 2020 máa ń gba iná láti ara tábúlẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, nípasẹ̀ ojú irin róbótó mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà kò ní bátìrì tí a ó máa ṣáàjì, bí a bá sì ti gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé e, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àbùkù rẹ̀ tó ń dùn mí jù ni pé kò ní bọ́tìnì Esc, èyí tí a máa ń tẹ̀ láti fagi lé nǹkan tàbí láti jáde kúrò nínú rẹ̀. Àpò tó ń lo Bluetooth ní bátìrì tirẹ̀, tó lè tán láàárín iṣẹ́, ṣùgbọ́n a lè so ó mọ́ fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn, èyí tí Magic Keyboard yìí kò lè ṣe rárá. Lójú tèmi, ẹni tó ń kọ̀wé lójoojúmọ́ ni Magic Keyboard bá mu. Ẹni tó ń yàwòrán, tó sì ń kàwé ju bó ṣe ń kọ lọ, kí ó ra èyí tí kíbọọ̀dù rẹ̀ ṣeé yọ, nítorí pé Magic Keyboard kò ṣeé ká sẹ́yìn tábúlẹ́ẹ̀tì.