Níbo Ni Kí Á Tọ́jú Ẹ̀dà Iṣẹ́ Wa Sí? Ìfiwéra Fláàṣì, Hard Disk, SSD àti Íntánẹ́ẹ̀tì fún Àwa Ará Ìkòròdú

Ẹni tó bá ń kọ̀wé, tó ń ya fọ́tò ìnáwó, tàbí tó ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Ìkòròdú mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kì í ṣe ibi tí a lè kó iṣẹ́ ọdún márùn-ún sí kí ọkàn ẹni sì balẹ̀. Iná mànàmáná lè dé pẹ̀lú agbára tó ju èyí tó yẹ lọ, òjò lè gba òrùlé wọlé, olè sì lè gbé àpò lọ láàárín Sábó àti Ẹbúté. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni kí òun rà láti fi tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ òun, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé: bí kọ̀ǹpútà yẹn bá kú lónìí, wákàtí mélòó lẹ lè fi dúró kí iṣẹ́ yín tó padà sọ́wọ́ yín? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni mo fi ń díwọ̀n ohun mẹ́rin tó wà lọ́jà.

Fláàṣì ni owó rẹ̀ kéré jù, òun náà ló sì bà mí nínú jẹ́ jù. Fọ́tò ìsìnkú ìyá bàbá mi wà lórí ọ̀kan tí wọ́n kọ 1 terabyte (bíi ẹgbẹ̀rún kan GB) sí lára. Orúkọ gbogbo fáìlì náà ń hàn dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ ṣí wọn, èyí tó ju ìlàjì lọ ni kò ṣí, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ohun tó fà á ni pé àwọn kan máa ń yí fláàṣì kékeré padà kí ó lè máa pe ara rẹ̀ ní ńlá. Bí àyè rẹ̀ gan-an bá ti kún, yóò máa kọ tuntun lé àtijọ́ lórí láìwí fún ẹnikẹ́ni. Ètò H2testw fún Windows àti F3 fún Mac tàbí Linux yóò kọ nǹkan kún un, wọn yóò sì kà á padà kí ẹ lè mọ òótọ́. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ tí ẹ rà á gan-an, nígbà tí ẹni tó tà á fún yín ṣì rántí ojú yín. Ní tèmi, fláàṣì wà fún gbígbé ìwé lọ tẹ̀ jáde, kì í ṣe fún ìpamọ́.

Hard disk àti SSD jọra lójú, àmọ́ inú wọn yàtọ̀ gidigidi. Nínú hard disk, àwo kan ń yí kánkán, orí kékeré tó ń kà á sì ń fò lórí rẹ̀ láìfara kàn án, nítorí náà bí ó bá já bọ́ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ òpin rẹ̀ nìyẹn. SSD kò ní ohun tó ń yí nínú rárá, ó sì yára jù. Ká ní fáìlì yín jẹ́ 100 GB, tí ojú USB 3 sì wà lára kọ̀ǹpútà yín, hard disk yóò kó o padà láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, SSD tó dára lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ ojú USB 2 àtijọ́, ẹ retí nǹkan bíi wákàtí kan fún èyíkéyìí nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi owó kan náà ra méjèèjì, àyè inú hard disk ni yóò pọ̀ jù. Bákan náà, kò yẹ kí á pa SSD tì fún ọdún púpọ̀ láìfi sí iná, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè máa ṣá. Èyí tí yóò máa gun kẹ̀kẹ́ Márúwá pẹ̀lú yín lọ sí Ìgbógbó, kí ó jẹ́ SSD. Èyí tí yóò jókòó sínú àpótí nílé, kí ó jẹ́ hard disk. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fídíò, ẹ wò ó kí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣètò àyè inú rẹ̀ má jẹ́ FAT32, torí kò gba fáìlì kan tó ju 4 GB lọ. ExFAT ni kí ẹ yàn.

Ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni omi àti olè ilé yín kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́fẹ̀ẹ́, Google ń fúnni ní 15 GB, tí Gmail, Drive àti Photos jọ ń pín, OneDrive àti iCloud ń fúnni ní 5 GB, Dropbox sì ń fúnni ní 2 GB. Èyí pọ̀ tó fún òǹkọ̀wé, kò tó ayàwòrán rárá. Ibi tí ó ti nira ni ìgbàpadà: lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sáré ní megabit 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 100 GB yóò gbà ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tọ̀sán-tòru, dátà tí yóò jẹ kò sì kéré. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, ọ̀pọ̀ nínú wa ní Nàìjíríà kò rí íntánẹ́ẹ̀tì lò bó ṣe yẹ. Ẹ tún mọ̀ pé fóldà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń bá kọ̀ǹpútà yín rìn pọ̀ yóò pa fáìlì rẹ́ bí ẹ bá pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni Google Drive sì ń fi pa á mọ́ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí rẹ̀. Bí ẹ bá ń fi fóònù jẹ́rìí kí ẹ tó wọ àkáǹtì Google yín, ẹ kọ nọ́ńbà ìgbàpadà mẹ́wàá tí Google ń fúnni sórí ìwé, nítorí olè tó gbé kọ̀ǹpútà lè gbé fóònù pẹ̀lú.

Ẹni tó ní ìkànnì tirẹ̀ ní láti ṣọ́ra sí i, torí ìkànnì pín sí méjì: àwọn fáìlì, àti ibi tí ọ̀rọ̀ gan-an wà, tí à ń pè ní database. Fáìlì tí WordPress, ètò tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe ìkànnì, máa ń kó jáde fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ nínú, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì àwọn àwòrán nìkan ló gbé, kò gbé àwòrán náà. UpdraftPlus, ètò kékeré tí a ń fi kún WordPress, ń kó fáìlì àti database méjèèjì, ó sì lè fi wọ́n ránṣẹ́ sí Google Drive. Kí ẹ tó sanwó fún ẹni tí yóò gbé ìkànnì yín sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹ bi í bóyá ẹ̀dà rẹ̀ wà ní ilé mìíràn, kí ẹ sì bi í bóyá ẹ lè fọwọ́ ara yín gbà á wálẹ̀. Nígbà tí iná jó ilé kọ̀ǹpútà kan ti OVHcloud, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ìkànnì àwọn èèyàn, ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2021, àwọn kan wà tí ẹ̀dà wọn jóná pẹ̀lú ojúlówó.

Bí owó bá tó ohun kan ṣoṣo lóṣù yìí, kí òǹkọ̀wé lo ti ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó sì fi owó náà ra SSD kékeré. Kí ayàwòrán ra hard disk, kí ó ra èkejì nígbà tó bá tún rí owó, kí ó sì gbé ọ̀kan lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìjẹ̀bú-Òde. Kí ẹ tó nu mẹ́mọ́rì káàdì, ẹ fi ẹ̀dà náà sára kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kí ẹ sì ṣí bíi fáìlì mẹ́ta nínú rẹ̀ wò.