Òkè wo ló yẹ kẹ́ẹ wọ ọkọ̀ èrò lọ gùn? Olúmọ, Ìdànrè, Erin-Ìjẹ̀ṣà àbí Adó-Àwáyè

Ẹ̀yin tẹ́ ò ní mọ́tò bíi tèmi, tẹ́ẹ fẹ́ lọ gun òkè ní wíkẹ́ńdì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi kẹ́ẹ tó ná owó yín. Àwòrán orí fóònù ò lè bá yín yan ibi tẹ́ẹ máa lọ, torí gbogbo ẹ̀ ló rẹwà. Ohun témi fi ń yan tèmi ni ọkọ̀ àbọ̀: ọkọ̀ mélòó ni màá wọ̀ kí n tó délé, èwo ló máa ń pẹ́ kó tó kún, ìgbà wo ni wọ́n ń ṣíwọ́. Àlọ kì í dààmú ẹnikẹ́ni, àbọ̀ ni ìṣòro.

Tó bá jẹ́ Èkó lẹ ti ń bọ̀, tẹ́ẹ sì fẹ́ sùn sílé yín lálẹ́ ọjọ́ náà, Olúmọ ni kẹ́ẹ mú. Ọkọ̀ Abẹ́òkúta ò wọ́n l'Óṣòdì, ó máa já yín sí Kútọ̀, ẹ wá wọ táksí tàbí ọ̀kadà, ẹ sáà ní Olúmọ lẹ̀ ń lọ, ó parí. Ọkọ̀ méjì péré, títí ilẹ̀ á fi ṣú lẹ ṣì máa rí èyí tó ń padà s'Ékòó. Àmọ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ẹni tó fẹ́ làágùn dáadáa, Olúmọ ò ní tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mítà 137 ni gíga ẹ̀ látorí òkun, wọ́n ti ṣe àtẹ̀gùn síbẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ṣe lífìtì fáwọn àgbàlagbà, láàárín wákàtí kan ẹ ti gùn ún, ẹ ti sọ̀. Ohun tó máa mú mi padà lọ ni abẹ́ àpáta yẹn, níbi táwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun ní nǹkan bí 1830, tí Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, kó wọn débẹ̀. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ kẹ́ẹ tó wọlé, ẹ sì máa rí àwọn ihò kéékèèké lára àpáta tí wọ́n ń lọ nǹkan jíjẹ nínú ẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án. Inú ẹ̀ dán bí inú àwo. Àwọn obìnrin tó ń sá fógun ló lọ ọ́ débẹ̀ o. Ẹ bá mi ya Ìtòkú lọ ra àdìrẹ nígbà tẹ́ẹ bá sọ̀, kò jìnnà.

Ìdànrè ni ìfẹ́ mi wà. Kò sí èyí tí mo lè fi wé e nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ máa kọ́kọ́ wọkọ̀ lọ s'Ákùúrẹ́, ẹ tún wá wọ ọkọ̀ Ìdànrè, bí 20 kìlómítà sí i. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, ẹ má fojú pa èyí àkọ́kọ́ rẹ́ torí ibẹ̀ gan-an ni orúnkún èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Irin kan wà tẹ́ẹ máa dì mú gòkè, tó bá di ọ̀sán irin yẹn á gbóná débi pé èmi máa ń fi aṣọ dì í ni. Tẹ́ẹ bá wá dókè, ìlú odindi lẹ máa bá níbẹ̀: ààfin Ọwá àtijọ́ pẹ̀lú àwọn òpó ẹ̀, kóòtù, ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896, gbogbo ẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n ní 1923 làwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá sísàlẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ Agbóògùn náà wà lára àpáta, wọ́n ní ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn ló ń bá a mu àfi ti àjẹ́, mo ki tèmi bọ̀ ọ́, ó gbà á. Ọ̀pọ̀lọ́ kan tiẹ̀ wà lórí àpáta yẹn tí wọn ò tíì rí níbòmíì láyé.

Wàyí o, ọkọ̀ àbọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ, aago mẹ́rin ti kọjá mo ṣì ń wo ààfin kiri lókè, nígbà tí mo fi máa dé ibi tí wọ́n ti ń kérò Àkúrẹ́ ilẹ̀ ti ń ṣú, èmi àti ìyá kan tó di ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú àpò la jọ wà nínú mọ́tò, dírẹ́bà ní òun ò ní gbéra àfi tó bá kún. Ẹ̀fọn jẹ wá yó. Nígbà tó yá èmi àti ìyá yẹn ló pín owó àwọn síìtì tó ṣófo san, owó tí mo fẹ́ fi sùn ní Àkúrẹ́ ni mo yọ nínú ẹ̀. Torí náà, aago mẹ́ta ọ̀sán, kẹ́ẹ ti wà nísàlẹ̀.

Erin-Ìjẹ̀ṣà ńkọ́? Ọkọ̀ Àkúrẹ́ náà ló ń gba iwájú ìlú yẹn kọjá lẹ́yìn Iléṣà, ẹ sọ fún dírẹ́bà látìbẹ̀rẹ̀ pé Erin-Ìjẹ̀ṣà lẹ ti máa bọ́ọ́lẹ̀, ọ̀kadà á gbé yín dé ibi omi Olúmirin, omi tó ń já bọ́ látorí òkè. Ìpele méje ni omi yẹn, ti àkọ́kọ́ lọ̀pọ̀ èèyàn ń wẹ̀ sí tí wọ́n á ya fọ́tò tí wọ́n á padà, látorí ìkejì lọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lẹ máa fi gùn ún. Ẹ má wọ sílípáàsì, okùn tèmi já lórí òkúta tó ń yọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ lásán ni mo fi sọ̀. Nígbà òjò omi á pọ̀ gan-an, òkúta á sì máa yọ̀ sí i, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á rọrùn láti gùn àmọ́ omi á dín kù, èmi á ní kẹ́ẹ lọ ní Oṣù Kọkànlá. Nípa àbọ̀, ẹ má dúró sí títì kẹ́ẹ máa retí ọkọ̀ Èkó, Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ń kún wá, wọ́n á kàn fẹ́ atẹ́gùn sí yín lójú ni. Ẹ wọ èyíkéyìí tó ń lọ s'Íléṣà, kẹ́ẹ pààrọ̀ níbẹ̀.

Adó-Àwáyè ló le jù láti dé nínú gbogbo wọn. Ẹ máa wọkọ̀ Ìsẹ́yìn, ẹ tún máa wá òmíì láti ibẹ̀, èyí yẹn ló sì máa ń pẹ́ kó tó kún. Àtẹ̀gùn 369, lẹ́yìn ẹ̀ àpáta gbalasa, ẹ máa wá bá adágún Ìyákẹ̀ lórí òkè lọ́hùn-ún, omi lórí àpáta! Mo kàn dúró ni, mi ò lè sọ̀rọ̀. Àwọn ará ìlú ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọnú ẹ̀, ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Kẹ́ẹ sì mú gáìdì dání, torí lẹ́yìn àtẹ̀gùn ojú ọ̀nà ò hàn fún àlejò. Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín láti gun òkè nìyí, ẹ fi ti Adó sílẹ̀ ná.

Àwọn kan máa ń fẹ́ pa Ìdànrè àti Erin pọ̀ lọ́jọ́ kan torí ọ̀nà kan náà ni wọ́n wà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é. Ẹ gun Ìdànrè ní Sátidé, ẹ sùn ní Àkúrẹ́, ẹ ya Erin ní àárọ̀ Sọ́ńdè nígbà tẹ́ẹ bá ń padà, owó ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn kan ṣoṣo lẹ fi rí méjèèjì yẹn.

Ẹni tí orúnkún ń dùn, igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo tẹ́jú, igi ibẹ̀ tutù, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé láti 2005. Ẹni tí ò fẹ́ kúrò l'Ékòó rárá, ọkọ̀ Ajah ni kó wọ̀ kó bọ́ọ́lẹ̀ ní Chevron, afárá orí igi tó jẹ́ mítà 401 wà ní Lekki níbẹ̀, ó ń mì jìgìjìgì.

Ẹ ṣẹ́ owó yín sí kéékèèké o, ọlọ́kadà abúlé ò ní ṣénjì.